Ètò ni Ó Ń Ṣáájú Agbára: Àlàyé lórí Fífi Tọ́bò Kún Ẹ́ńjìnnì àti Títún Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ṣe fún Ojú Ọ̀nà Àtàn-Ọ̀tà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ètò tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi kún agbára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ń wà lójoojúmọ́ ṣe kí ó tó fọwọ́ kan irin kankan. Ohun méjì ni àlàyé náà dá lé: tọ́bò tí ń fún ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i, àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn sípíríńgì, ṣọ́ọ̀kù àti àwọn ẹmẹ̀wà wọn. Àgbègbè Àtàn-Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni iṣẹ́ náà fi ṣe òdiwọ̀n, nítorí pé ooru, eruku, ihò ojú ọ̀nà àti irú epo tí ó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà lórí iṣẹ́ yìí. Ìṣirò kéékèèké inú rẹ̀ fi hàn pé bíréèkì, táyà àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú tọ́bò. Ní ìparí, iṣẹ́ náà tọ́ka sí bí olùkọ́ ṣe lè fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí láìjẹ́ pé ìtumọ̀ sọnù.

1.0 Ìfáárà

Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, òun sì ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989. Láti Sàngó, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta gbà kọjá, ọ̀nà kan yà gba inú Ọ̀tà àti Àtàn lọ sí Ìdí-Ìrókò ní ẹnubodè orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Láti Àtàn náà ni ọ̀nà mìíràn ti yà gba Lúsàdá lọ sí Àgbárá. Ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ ní gbogbo àgbègbè yìí, àwọn ọkọ̀ àjàgbé sì ni ó ń kó ẹrù wọn. Ọkọ̀ tí ń kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, àti láti Ìbèsè, tí wọ́n ṣí tirẹ̀ ní 2012, wà lára àwọn tí ń gba àgbègbè náà kọjá. Ojú ọ̀nà tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá ń gbà kọjá kì í pẹ́ di oníhò, ọ̀dà rẹ̀ a máa wọ́ jọ bí ebè, eruku a sì máa sọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ tí wọ́n já sí èbúté Kútọnu ti ń gba ibẹ̀ wọlé, kí Ìjọba Àpapọ̀ tó fi òfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 2017. Ibi tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ bá pọ̀ sí ni mẹkáníìkì, ríwáyà àti ọmọ iṣẹ́ máa ń pọ̀ sí. Lára àwọn ọ̀dọ́ tí ń ra ọkọ̀ wọ̀nyí ni a ti ń rí àwọn tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ wọn yára ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ. Wọ́n a ní kí wọ́n fi tọ́bò sí i, kí wọ́n sì gé sípíríńgì rẹ̀ kí ó lè wálẹ̀. 

Ìfẹ́ agbára kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó léwu ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni iṣẹ́ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó yẹ kí ó parí sí. Tọ́bò ni wọ́n a kọ́kọ́ rà, nítorí òun ni ó ń dún létí; bíréèkì ni wọ́n a fi sẹ́yìn, nítorí kò sí ẹni tí ń rí i. Owó tí ó ṣòfò lórí ẹ́ńjìnnì tí ó jó ṣeé wá padà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ẹni tí ń sọdá títì ní ọjà Àtàn kò ṣeé wá padà. Ìdí nìyí tí àlàyé yìí fi yẹ fún olùkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, olùkọ́ físíìsì àti olùkọ́ èdè Yorùbá pẹ̀lú, nítorí èdè Yorùbá ni èdè tí ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní abẹ́ igi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe.

2.0 Bí Tọ́bò Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

2.1 Ìpìlẹ̀ rẹ̀

Alfred Büchi, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, ni ó kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìmọ̀ tí tọ́bò dúró lé, ní 1905. Ó ṣàkíyèsí pé èéfín gbígbóná tí ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ń gbé agbára púpọ̀ lọ dànù. Ó wá ronú pé bí èéfín náà bá lè yí fáànù kan, fáànù yẹn lè yí òmíràn tí yóò máa fún afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ohun tí tọ́bò jẹ́ títí di òní nìyẹn: fáànù méjì lórí ọ̀pá irin kan ṣoṣo, ọ̀kan ní ìhà èéfín, èkejì ní ìhà afẹ́fẹ́. Ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Orí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń yí lé, èéfín tí ó sì ń yí i lè gbóná dé nǹkan bí 900°C nínú ẹ́ńjìnnì tí ń lo bẹntiróòlù.

Ara ẹ́ńjìnnì ńláńlá ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo tọ́bò. Ọdún 1962 ni ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan fi sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair Monza tí wọ́n tà fún gbogbo ènìyàn. Ní 1978, Saab ti Sweden gbé ọkọ̀ 99 Turbo jáde, láti ìgbà náà sì ni tọ́bò ti ń di ohun tí ọkọ̀ kéékèèké ń gbé rìn kiri ìgboro.

2.2 Ìṣirò afẹ́fẹ́

Epo nìkan kò lè jó. Fún ìjóná pípé, ìwọ̀n epo bẹntiróòlù kìlógíráàmù kan nílò afẹ́fẹ́ kìlógíráàmù 14.7. Nítorí náà, iye afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bá lè mí sínú ni ó ń pààlà fún agbára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹ́ńjìnnì yìí máa ń mí afẹ́fẹ́ sínú lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Bí ó bá yípo ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 3,000 ni yóò mí sínú. Bí a bá sọ 1.8 di ìlọ́po 3,000, lítà 5,400 ni yóò jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìwọ̀n tí òfurufú ń fi tẹ gbogbo nǹkan tó nǹkan bíi báà kan. Bí tọ́bò bá fi ìdajì báà kún un, ìfúnpọ̀ di 1.5. Lójú ẹni tí kò tíì ronú jinlẹ̀, èyí túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ sí i ní ìdá 50 nínú 100.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ máa ń gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì máa ń fẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ Ọ̀tà ní ọ̀sán bá jẹ́ 33°C, tí tọ́bò náà sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa níwọ̀n, afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ yóò tó nǹkan bí 91°C. Nígbà tí a bá ṣírò ìgbóná yìí mọ́ ọn, àlékún tòótọ́ kò ju nǹkan bí ìdá 26 nínú 100 lọ. Ìdí nìyí tí ìńtákúlà fi ṣe pàtàkì. Ìńtákúlà dà bí rèdíétọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ mí ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá dípò omi. Bí ó bá mú afẹ́fẹ́ náà wálẹ̀ sí 50°C, àlékún náà di nǹkan bí ìdá 42. Tọ́bò kan náà ni, ìfúnpọ̀ kan náà ni. Ìtutù nìkan ni ó mú ìyàtọ̀ wá.

2.3 Tọ́bò tìréélà kì í ṣe ti ọkọ̀ kékeré

Tọ́bò kì í ṣe àjèjì ní Sàngó. Súfèé tí ọ̀pọ̀ tìréélà máa ń sú nígbà tí ó bá ń gun òkè, tọ́bò ni ó ń dún bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ní lórí tìréélà ni àwọn mìíràn ń gbé wá sórí ọkọ̀ kékeré, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnì ń fún pọ̀. Ìgbà tí ó bá gbóná tán ni epo ń wọlé tí ó sì ń gbiná. Kò sí epo nílẹ̀ tí yóò gbiná ṣáájú àsìkò. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ẹ̀wẹ̀, epo àti afẹ́fẹ́ ti pàpọ̀ kí wọ́n tó fún wọn pọ̀, pílọ́ọ̀gì ni ó sì yẹ kí ó ṣáná sí wọn. Bí ìgbóná àti ìfúnpọ̀ bá pọ̀ jù, ìyókù epo tí iná pílọ́ọ̀gì kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò bú gbàù fúnra rẹ̀. Èyí ni iṣẹ́ yìí pè ní ìjóná àìtásìkò. Ó ń dún bí ìgbà tí òkúta wẹ́wẹ́ ń mì nínú agolo, ó sì lè lu písítìnì jálu láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nọ́ńbà ọ́kìtéènì ni a fi ń mọ bí epo ṣe lè fara da èyí tó. Epo tí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà wà ní nǹkan bí 91. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, 95 ni ó wọ́pọ̀, 98 sì wà fún ọkọ̀ alágbára. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ fún epo 98 ní ilẹ̀ Jámánì, tí ó sì tẹ̀ lé nọ́ńbà inú rẹ̀ ní Àtàn, ń fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni. Ó yẹ kí ó rántí pẹ̀lú pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, epo tí ó ní mẹ́tánọ́ọ̀lù ju bí ó ti yẹ lọ wọ orílẹ̀-èdè yìí, ó sì ba ọkọ̀ púpọ̀ jẹ́. Ètò tí ó bá dára gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí epo kò bá dára.

Ìwọ̀n tọ́bò náà tún jẹ́ ìṣòro. Tọ́bò tìréélà tóbi. Èéfín ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 kò lè tètè yí i. Awakọ̀ yóò tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ yóò dúró bí ẹni tí ó ń ronú, lẹ́yìn náà ni agbára yóò wá dé lójijì, bóyá ní àárín kọ́nà. Tọ́bò kékeré tí ó tètè ń jí ni ó yẹ ọkọ̀ ìgboro.

3.0 Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Orúkọ tí àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ Yorùbá fún apá yìí dára púpọ̀: ẹsẹ̀ ọkọ̀. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni láti gbé ara ró, kí ó sì má ṣe kúrò nílẹ̀ nígbà tí kò yẹ. Táyà tí ó bá fò sókè kúrò lórí ọ̀dà kò lè darí ọkọ̀, kò lè dá a dúró, kò sì lè tì í síwájú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ ni pé ṣọ́ọ̀kù ni ó ń gbé ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríńgì ni ó ń gbé ìwọ̀n ọkọ̀. Ó ń sún kì nígbà tí táyà bá gun òkè, ó sì ń nà nígbà tí táyà bá bọ́ sínú ihò. Bí a bá fi sípíríńgì nìkan sílẹ̀, ọkọ̀ yóò máa fò bí bọ́ọ̀lù. Ṣọ́ọ̀kù ni ó ń pa ìfò yìí. Ọ́ìlì tí ń gba ojú ihò tóóró kọjá nínú rẹ̀ ni ó ń gba agbára ìfò náà, tí ó sì ń sọ ọ́ di ooru. Bọ́ṣìn àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni oríkèé ẹsẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ti jẹ, ojú tí táyà kọ sí kò ní dúró sójú kan mọ́, bí ó ti wù kí sípíríńgì dára tó.

Nítorí náà, líle sípíríńgì àti ṣọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Ẹni tí ó bá gé sípíríńgì kí ọkọ̀ lè wálẹ̀ ti ṣe ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní, ó ti mú kí ó le sí i, nítorí bí ìyípo sípíríńgì bá ṣe ń dín kù ni líle rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Èkejì, ó ti dín àyè tí táyà ní láti gòkè kù, tí ó fi jẹ́ pé ihò kékeré yóò gbá ẹsẹ̀ náà dé òpin rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ṣọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣe fún sípíríńgì àtijọ́ kò lágbára tó láti pa ìfò tuntun náà. Bí ó bá jẹ́ pé iná gáàsì ni wọ́n fi gé e tàbí tí wọ́n fi sun ún kí ó lè rọ̀ wálẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti ba líle irin náà jẹ́, ó sì lè ṣẹ́ lọ́jọ́ kan lórí eré. Ẹni tí ó bá ki rọ́bà bọ àárín sípíríńgì kí ọkọ̀ lè ga sókè náà ti dá ìṣòro tirẹ̀ sílẹ̀: ìyípo tí rọ́bà há kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ọkọ̀ gíga sì máa ń fì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní kọ́nà.

Ìtàn Pijó 504 kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ nípa èyí. Kàdúná ni ilé iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ náà pọ̀ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ove Andersson fi Pijó 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, lórí ọ̀nà erùpẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ àti òkúta. Sípíríńgì Pijó náà rọ̀, àyè tí táyà rẹ̀ ní láti gòkè sọ̀kalẹ̀ gùn, ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ sì kápá ìfò rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó gba ìdíje lórí ilẹ̀ tí kò dán kò gba á nípa lílẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí nípa líle bí àpáta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé ilẹ̀ ni. Ìlànà yìí ni ó yẹ ọ̀nà Àtàn sí Lúsàdá, kì í ṣe ti ọkọ̀ tí ń sáré lórí pápá ìdíje dídán.

4.0 Ìdí tí Bíréèkì fi Gbọ́dọ̀ Ṣáájú

Agbára tí ọkọ̀ tí ń lọ gbé dání kì í pọ̀ sí i ní ìbámu pẹ̀lú eré nìkan. Ó ń pọ̀ sí i ní ìbámu pẹ̀lú ìlọ́po eré lọ́nà ara rẹ̀. Bí eré bá kúrò ní kìlómítà 80 sí 120 ní wákàtí kan, eré pọ̀ sí i ní ìlọ́po kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n agbára tí bíréèkì ní láti pa di ìlọ́po 2.25.

Bí táyà bá dára, tí ọ̀dà sì gbẹ, tí bíréèkì sì lè dín eré kù ní ìwọ̀n ìdá méje nínú mẹ́wàá agbára òòfà ilẹ̀, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò rìn kí ó tó dúró, láti ìgbà tí bíréèkì bá ti mú, ni ìwọ̀nyí:

Kìlómítà 80 ní wákàtí kan: nǹkan bíi mítà 36.
Kìlómítà 100 ní wákàtí kan: nǹkan bíi mítà 56.
Kìlómítà 120 ní wákàtí kan: nǹkan bíi mítà 81.

Ìṣẹ́jú-àáyá kan tí awakọ̀ fi ń ronú kò sí nínú rẹ̀. Ní kìlómítà 100, ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹn nìkan tó mítà 28. Bí òjò bá rọ̀, tàbí bí táyà bá ti gbó, gbogbo nọ́ńbà yìí ń gùn sí i. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń sọdá títì kò mọ̀ bóyá tọ́bò wà nínú ọkọ̀ tí ń bọ̀.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ń ṣọ́ òfin tí ó fi kìlómítà 100 ṣe òpin eré ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí ọ̀nà márosẹ̀, tí ó sì fi 50 ṣe òpin láàárín ìlú. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ètò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ wá nìyí: bí òpin eré bá jẹ́ 100, kí ni àfikún agbára wà fún? Ìdáhùn tí ó mọ́gbọ́n dání ni pé ó wà fún kíkọjá tìréélà kíákíá kí ọkọ̀ má bàa pẹ́ ní ọwọ́ òdì, àti fún gígun òkè pẹ̀lú ẹrù àti ẹ̀rọ amúlétutù. Àárín eré ni irú agbára bẹ́ẹ̀ ti wúlò, kì í ṣe òpin rẹ̀. Tọ́bò kékeré àti ìfúnpọ̀ díẹ̀ tó fún un. Eré àsápajúdé kò sí nínú ètò náà.

5.0 Ètò ní Ìpele-ìpele

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìpele mẹ́jọ ni ètò náà lè ní.

(i) Yíyẹ ẹ́ńjìnnì wò. Kí wọ́n wọn ìfúnpọ̀ inú ihò písítìnì kọ̀ọ̀kan. Bí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn bá ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú 100 lọ, kí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe ná. Tọ́bò kì í wo aláìsàn sàn. Ó ń mú ikú rẹ̀ yá ni.

(ii) Bíréèkì àti táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn àmì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára táyà ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2419 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún, 2019. Táyà tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ lè ti di arúgbó.

(iii) Ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ bọ́ṣìn, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti ṣọ́ọ̀kù tí ó ti jẹ, kí wọ́n sì ṣe aláámẹ́ǹtì. Lẹ́yìn èyí nìkan ni ọ̀rọ̀ sípíríńgì tí ó le díẹ̀ sí i kàn, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kù tí ó bá a mu. Kí gíga ọkọ̀ wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, tàbí kí ó súnmọ́ ọn.

(iv) Ìtutù àti ọ́ìlì. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ abẹ́ afárá Sàngó ni ìdánwò gidi fún rèdíétọ̀, kì í ṣe orí eré, nítorí kò sí atẹ́gùn tí ń fẹ́ sí i níbẹ̀. Kí fáànù máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ọ́ìlì jẹ́ ojúlówó, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, nítorí òun kan náà ni ó gbé ọ̀pá tọ́bò ró. Lẹ́yìn ìrìn eré, kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí wọ́n tó pa á, kí ọ́ìlì má bàa jó mọ́ ara ọ̀pá gbígbóná náà.

(v) Ojú ihò afẹ́fẹ́. Eruku àti iyanrìn a máa jẹ etí fáànù tọ́bò bí ayùn; asẹ́ afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà, kí ó sì bo ihò náà dáadáa. Kí ẹnu ihò náà má ṣe wálẹ̀ jù, nítorí bí ẹ́ńjìnnì bá fa omi àgbàrá sínú, omi kò ṣeé fún pọ̀, ọ̀pá tí ó di písítìnì mú yóò tẹ̀.

(vi) Epo àti bíréènì-bọ́ọ̀kísì. Afẹ́fẹ́ tí ó pọ̀ sí i ń béèrè epo tí ó pọ̀ sí i. Pọ́ǹpù àti ínjẹ́kítọ̀ gbọ́dọ̀ lè gbé e, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún bíréènì-bọ́ọ̀kísì kọ́ ní ìgbà tí ó yẹ kí iná ṣá. Kí wọ́n ṣírò owó epo mọ́ ọn pẹ̀lú: láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún, 2023, tí iye lítà kan fi kúrò ní ohun tí kò tó ₦200 di ohun tí ó ju ₦480 lọ, epo kì í ṣe ohun àfiṣeré.

(vii) Tọ́bò. Kékeré ni kí ó jẹ́, pẹ̀lú ìńtákúlà àti fáàfù tí ń tú èéfín sílẹ̀ nígbà tí ìfúnpọ̀ bá fẹ́ kọjá ààlà. Fún ẹ́ńjìnnì tí ilé iṣẹ́ kò ṣe fún tọ́bò, kí ìfúnpọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti bí 0.3 báà. Ọ̀nà mìíràn wà tí ó sàn jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn: kí wọ́n ra ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ti fi tọ́bò sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Golf GTI tí Volkswagen gbé jáde ní 2004 ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 tí ó ní tọ́bò àti agbára ẹṣin 200. Písítìnì, ìtutù àti bíréèkì rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ní ìbámu pẹ̀lú agbára náà. Owó tí ìbá lọ sórí tọ́bò lè lọ sórí ìtọ́jú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

(viii) Ìwé ọkọ̀ àti ìdánwò. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kí ìwé náà yí padà pẹ̀lú. Kí ìdánwò jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan máa wo ìgbóná omi àti ọ́ìlì, kí wọ́n sì tún gbogbo nọ́ọ̀tì dì lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́.

6.0 Ọ̀rọ̀ Èdè àti Ìkọ́ni

Láti 1970 sí 1978, iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Àlíù Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ fi hàn pé èdè Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mẹkáníìkì ń ṣe lójoojúmọ́ jẹ́rìí sí i. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò pín sí oríṣi méjì. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ àyálò, bíi tọ́bò, ṣọ́ọ̀kù àti bọ́ṣìn. Kò sí ìdí láti lé wọn lọ, nítorí gbogbo ènìyàn mọ̀ wọ́n. Èkejì ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú, bí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Irú èyí wúlò púpọ̀, nítorí pé ó gbé àlàyé dání.

Àmọ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́ra wọn. Bí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnnì kan ti nọ́ọ̀kì, ohun tí ó ń sọ ni pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe kékeré. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ìwé òkèèrè ń lò fún ìjóná àìtásìkò, tí í ṣe ìkìlọ̀ ṣáájú ìbàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò rò pé kò sí ohun tí ó ṣeé ṣe mọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé dídín ìfúnpọ̀ kù lásán ìbá gba ẹ́ńjìnnì náà là. Orúkọ ọ̀tọ̀ yẹ fún nǹkan ọ̀tọ̀.

Àwọn ìdánwò kéékèèké wà tí kò náni lówó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìka dí ẹnu fáńpù kẹ̀kẹ́, kí ó sì máa fún un. Bí ìsàlẹ̀ fáńpù náà ṣe ń gbóná ni yóò jẹ́ kí ó mọ ìdí tí ìńtákúlà fi wà. Kí ó so òkúta mọ́ okùn rọ́bà, kí ó jẹ́ kí ó máa fò nínú afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà kí ó ki òkúta náà bọ inú korobá omi. Bí omi ṣe tètè pa ìfò náà ni iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kù. Kí wọ́n tẹ igun ọkọ̀ kan mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ lójijì: bí ó bá ń fò sókè sódò ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ṣọ́ọ̀kù igun náà ti ń rẹ̀. Ìṣirò apá 4.0 pàápàá lè di iṣẹ́ kíláàsì, bí wọ́n bá fi ìgbésẹ̀ wọn mítà 36, 56 àti 81 ní pápá ilé-ẹ̀kọ́, kí ojú lè rí ohun tí nọ́ńbà ń sọ.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé pé tọ́bò ń fi afẹ́fẹ́ kún agbára, pé ìgbóná ń gba lára àfikún náà padà, àti pé epo Nàìjíríà kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún àṣejù. Ó ti fi hàn pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ó dára ní Àtàn ni èyí tí ń tẹ̀ lé ilẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó le jù tàbí tí ó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sì ti fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀ pé bíréèkì àti táyà ni ó ń ṣáájú. Ọ̀gá tí ó bá kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ti fún un ní ohun tí ó ju fífi tọ́bò sí ọkọ̀ lọ. Ó ti kọ́ ọ láti béèrè ohun tí agbára wà fún kí ó tó wá a. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò moyè jẹ, asárétete kò ní róyè jẹ. Ní ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ilé ni oyè náà, àti kí gbogbo ẹni tí ó jáde láàárọ̀ padà dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.